Odígbó àti Òrè: Ilẹ̀ Igbó, Oríta Ọ̀nà

Ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó wà, ètò ìkànìyàn ọdún 2006 sì ka ènìyàn 230,351 níbẹ̀. Ìlú Odígbó, níbi tí ìtẹ́ ọba tí a ń pè ní Orúnja wà, ni ó fún agbègbè náà lórúkọ, ṣùgbọ́n Òrè ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó. Igbó ni ó kọ́kọ́ mú ènìyàn wá síbẹ̀, ọ̀nà ni ó sì sọ Òrè di ìlú ńlá.

Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, òjò rẹ̀ pọ̀, odò Olúwa sì ṣàn gbà á kọjá lọ sí ìhà ọ̀sà. Orúkọ odò yìí ni igbó ọba Olúwa ń jẹ́, ìyẹn igbó tí ìjọba fi òfin dáàbò bò, níbi tí wọ́n ti gbin igi mẹ̀láínà lọ rẹpẹtẹ. Kòkó, ọ̀pẹ, rọ́bà àti igi gẹdú ni iṣẹ́ ajé ilẹ̀ náà dúró lé. Ní abúlé Àgbábù níbẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń tẹ́ títì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri ní agbègbè yẹn ní ọdún 1908, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbẹ́ kànga sí Àgbábù.

Àwọn tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Oǹdó ni onílé ní Odígbó, àwọn Ìkálẹ̀ sì wà ní gúúsù wọn. Láàárín àwọn Ìkálẹ̀ àti àwọn Ìlàjẹ aládùúgbò wọn ni oúnjẹ tí a ń pè ní púpurú ti gbajúmọ̀: wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́n róbótó, wọ́n á sì tò ó sórí àjà iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́, bí ó bá gbẹ tán, wọ́n á ha èèpo dúdú ara rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n tó rò ó bí ọkà.

Òrè ni ọ̀nà Èkó sí Bìní àti ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa ti pàdé. Nítorí oríta yìí ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà fi kan ìlú náà: ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1967, ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo jẹ́ olórí wọn wọ Bìní, wọ́n sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn títí dé Òrè, níbi tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ìjọba àpapọ̀ gba Bìní padà. Láti ìgbà náà ni àwọn Yorùbá ti ń wí pé “ó le kú, ìjà Òrè” bí ọ̀rọ̀ bá le kọjá ààlà.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà màrosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní mú kí Òrè di ibi tí àwọn arìnrìn-àjò tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ ti ń sọ̀ jẹun, Íbò, Hausa, Ùróbò àti Ẹ̀bìrà sì ń bá onílé ṣòwò níbẹ̀. Síbẹ̀, oko àti igbó ni ó ń bọ́ ọjà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí Òrè máa gbèrú gbọ́dọ̀ máa gbin igi dípò èyí tó gé, kí ó sì fún Odígbó, tí agbègbè náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní ọlá tó tọ́ sí i.