Angry Birds: bí eré orí fóònù ṣe di fíìmù

Tí ẹ bá ti ní Android tàbí iPhone láyé ọdún 2011 sí 2013, ó ṣòro kẹ́ ẹ máà mọ Angry Birds. Ẹyẹ wà nínú kànnàkànnà, ẹ fi ìka fà á sẹ́yìn, ẹ jù ú sílẹ̀, ó lọ wó ilé lu ẹlẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ewé mọ́lẹ̀. Ó tán. Ìtàn ibẹ̀ ò ju pé ẹlẹ́dẹ̀ jí ẹyin ẹyẹ kó. Iṣẹ́ tó wá já lé The Angry Birds Movie léjìká lọ́dún 2016 ni pé kó sọ ohun tó ń bí ẹyẹ nínú tó bẹ́ẹ̀ yẹn.

Rovio ló ni eré náà, ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Espoo, lórílẹ̀-èdè Finland, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta dá sílẹ̀ lọ́dún 2003. Eré 51 ni wọ́n ti ṣe kó tó kan èyí, owó sì ti fẹ́ẹ̀ tán lápò wọn. Jaakko Iisalo ló ya ẹyẹ tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lápá, tó kàn lejú koko. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn ẹyẹ yẹn kí wọ́n tó mọ eré tí wọ́n máa fi ṣe. Àìsàn "swine flu" tó gbòde nígbà yẹn ló mú ẹlẹ́dẹ̀ wọ ọ̀rọ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni eré jáde, ayé sì gbà á.

Ibi tó wù mí jù rèé o: Rovio ò gbé fíìmù yìí fún Hollywood kí wọ́n wá jókòó máa retí ìpín. Àwọn fúnra wọn ló náwó sí i, nǹkan bíi mílíọ̀nù 73 dọ́là. Sony bá wọn gbé e dé sinimá, ẹ̀ka Sony tó wà ní Vancouver, ní Kánádà, ló ṣe kàtúùnù rẹ̀. Clay Kaytis àti Fergal Reilly ló darí ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ò pọ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2015, níbi tí iṣẹ́ fíìmù ti ń lọ lọ́wọ́, Rovio dá òṣìṣẹ́ tó lé ní 200 dúró, àwọn tó ń ṣe fíìmù nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Tí fíìmù yẹn bá kùnà, kí ni wọn ì bá wí?

Nínú fíìmù, Red (Jason Sudeikis ló ń fọhùn) ń dá gbé lẹ́yìn ìlú. Àtikékeré làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń fi ìpéǹpéjú ẹ̀ tó nípọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jà níbi ọjọ́ ìbí ọmọ kan, adájọ́ bá ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kápá ìbínú. Ibẹ̀ ló ti pàdé Chuck, tí eré sísá ẹ̀ yá bí ìjì, àti Bomb, tó máa ń bú gbàù. Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́dẹ̀ gúnlẹ̀, Ọba Leonard kó ẹ̀bùn àti orin wá, gbogbo ìlú ń jó. Red yọ́ wọ inú ọkọ̀, ó rí i pé ẹlẹ́dẹ̀ tó fara pamọ́ pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi hàn lọ. Ó pariwo, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, títí ẹyin fi lọ. Kànnàkànnà ńlá tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ta wọ́n lọ́rẹ náà ni wọ́n wá fi ta ara wọn wọ ìlú ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Àwọn kan sọ lọ́dún náà pé fíìmù ń kọ́ ọmọdé láti kórìíra àlejò, torí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sá wá sí Yúróòpù ló wà lẹ́nu gbogbo ayé. Èmi ò gbà á tán. Àlejò tó fi ohun tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀ pamọ́ ni Red ń bá jà. Àmọ́ a ò rí ẹlẹ́dẹ̀ gidi kan ṣoṣo níbẹ̀, ìyẹn ò dáa. Fíìmù kejì, ti 2019, tún un ṣe: ẹyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ jọ ń jà ni.

Fíìmù àkọ́kọ́ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 352 dọ́là káàkiri àgbáyé. Lọ́dún 2017, Rovio wọ ọjà ìpín ìdókòòwò ní Helsinki. Èkejì ò pa tó ìdajì iye yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alárìíwísí yìn ín jù. Lọ́dún 2023, Sega ti Japan ra Rovio ní mílíọ̀nù 706 yúrò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá àwọn àbúrò yín wò ó, ẹ múra sílẹ̀ fún adágún omi tí àwọn ọ̀rẹ́ Red ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, kó tó hàn sí wọn pé ibẹ̀ ni idì ńlá ń tọ̀ sí. Wọ́n á fi dá yín lágara fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.