Láti Inú Èsúsú Dé Àpótí Alágádágodo Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ owó ni a mú wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ńlá. Ọ̀rọ̀ owó kékeré ni, irú èyí tí ìyá onígaàrí ń so mọ́ etí aṣọ.

Ìbéèrè wa ni èyí: Báwo ni owó kékeré ṣe lè mú ènìyàn kúrò nínú ìṣẹ́? Àwọn baba wa ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí tipẹ́. Èsúsú ni ìdáhùn wọn. A ó tọ ipa èsúsú láti ayé owó ẹyọ, títí a ó fi dé ìdí àpótí kan tí àwọn obìnrin Maradi, ní ilẹ̀ Niger, bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọdún 1991.

Èsúsú ní ayé àtijọ́

Samuel Johnson ni àlùfáà tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921. Ó sọ̀rọ̀ èsúsú nínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó wà káàkiri.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Àwọn ènìyàn kan kó ara wọn jọ, wọ́n sì yan olórí. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye tí olúkúlùkù yóò máa dá. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, gbogbo wọn mú owó wá. Ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó bá tún di ọjọ́ èsúsú, ó kan ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí yóò fi kárí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Bí ènìyàn 10 bá ń dá 1.000 sẹ́fà, 10.000 sẹ́fà ni ẹnì kan yóò kó ní ọjọ́ kan. Nígbà tí yóò bá fi kárí, òun náà yóò ti dá 10.000. Kò rí èrè kankan lé e. Kí wá ni àǹfààní rẹ̀? Àǹfààní rẹ̀ ni pé 1.000 sẹ́fà tí ì bá bá ata àti iyọ̀ lọ ti di owó tí a lè fi ra irúgbìn, tàbí kí a fi sanwó alágbàro.

Ẹni tí kò ní èsúsú ní ayé ìgbà náà, níbo ni ó ń sá sí bí òkú bá kú fún un, tàbí bí àìsàn bá dé? Ọ̀dọ̀ olówó ni. Bí kò bá ní ohun ìdógò, yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ ní oko olówó. Iṣẹ́ náà ni èlé orí owó. Kò dín gbèsè kù rárá. Bí ó ṣe ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, gbogbo iye tí ó yá náà ni yóò san kí ó tó gba ara rẹ̀. Nítorí náà èsúsú kì í ṣe eré. Ó jẹ́ odi láàárín ọmọ wa àti oko ìwọ̀fà.

Nígbà tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, wọn kò lè gbé ẹrù dání. Ṣùgbọ́n èsúsú bá wọn lọ. Títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad, asue ni wọ́n ń pè é ní Bahamas. Àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó ẹrú, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sierra Leone, mú un débẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí èsúsú ti ń já

Èsúsú dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó lè sá lọ. Ọmọ rẹ lè ṣàìsàn lónìí, nígbà tí ó jẹ́ pé oṣù mẹ́fà sí i ni yóò tó kàn ọ́ láti kó. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni owó ń gbà kọjá.

Àjọ ojoojúmọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Alájọ ń wá sí ọjà lójoojúmọ́, ó ń gba owó, ó ń fa ìlà sí orí káàdì. Ní òpin oṣù ó dá owó padà, ó sì yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Alájọ olóòótọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Gaàrí ni ìyá mi ń tà. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń dá àjọ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan láti fi san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Ìyá mi kò mọ̀wé. Bí ó bá ti san owó, a máa ju ekuro kan sínú igbá kan nínú yàrá. Ní òpin oṣù kan alájọ kò wá. A gbọ́ pé ó ti lọ. Ìyá mi mú káàdì rẹ̀ fún mi pé kí n kà á. Ìlà 19 ni mo rí. A da ekuro inú igbá sílẹ̀, a kà á: 26 ni. Ọkùnrin náà ti ń gba owó láìfa ìlà kí ó tó sá. Òtítọ́ ni ekuro ń sọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ekuro ní ẹ̀rí? Mo jókòó sílé ní ọdún náà. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé owó tí ẹnì kan ṣoṣo mọ ìṣirò rẹ̀, ti ẹni náà ni.

Ilé owó àwọn àgbẹ̀

Àìsí owó kò dá wa nìkan lójú. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ṣáájú èyí tí a bí àwọn òbí wa sí, gbèsè ń pa àwọn àgbẹ̀. Olórí ìlú kan, Friedrich Wilhelm Raiffeisen, dá ẹgbẹ́ ìyánilówó sílẹ̀ ní Heddesdorf ní ọdún 1864. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni ó ni ẹgbẹ́ náà. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń ṣe onígbọ̀wọ́ ara wọn. Bí ẹnì kan kò bá san gbèsè, ó kan gbogbo wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń yá owó fún ẹni tí kò mọ̀.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri ayé. Ó dé ilẹ̀ Benin ní àárín àwọn ọdún 1970. CLCAM ni orúkọ rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a kó jọ ní abúlé kì í dúró ní abúlé. Ó ń gòkè lọ sí báńkì àgbẹ̀ ti ìjọba tí à ń pè ní CNCA. Níbẹ̀ a yá owó fún àwọn tí kò san án padà. Ní ọdún 1987 a ti báńkì náà pa. Owó àwọn àgbẹ̀ há. Ní òpin àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àwọn báńkì ìjọba tí ó kù pẹ̀lú wó, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì rí owó oṣù gbà.

Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ kí ilé owó wọn kú. Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1989. Ní ọdún 1993 àwọn CLCAM para pọ̀ di FECECAM, wọ́n sì wà títí di òní. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti káàdì ìyá mi: owó tí ó lọ sí ibi tí ẹni tí ó ni ín kò lè rí i, inú ewu ni ó wà.

Àpótí àwọn obìnrin Maradi

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á lọ sí òkè, sí ilẹ̀ Niger tí ó bá wa pààlà. Ìlú Haúsá ni Maradi. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀. Bí ìyàn bá mú, àwọn obìnrin a máa ta ewúrẹ́ àti ohun ọ̀ṣọ́ wọn. Báńkì kò sì mọ̀ wọ́n.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan tí ń jẹ́ CARE ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ti ìjọba, kò sì ń wá èrè. Obìnrin ará Norway kan, Moira Eknes, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin Maradi náà ní irú èsúsú tiwọn, èyí tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní tontine. Ní ọdún 1991 wọ́n jókòó ti àwọn obìnrin náà láti tún un ṣe. Wọn kò gbé owó wá fún wọn. Ọ̀nà ìṣe ni wọ́n kọ́ wọn. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ni Mata Masu Dubara. Ní èdè Haúsá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn obìnrin ọlọ́gbọ́n.

Kí ni wọ́n tún ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnì kan kì í kó owó náà lọ mọ́. Inú àpótí irin ni ó ń wọ̀, ẹgbẹ́ a sì máa yá a fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Ẹni tí ó yá a ń san án padà pẹ̀lú èlé díẹ̀. Inú àpótí kan náà ni èlé ń padà sí, kì í lọ sọ́dọ̀ olówó kankan.

Lẹ́ẹ̀kejì, àgádágodo mẹ́ta ni ó wà lára àpótí náà. Obìnrin mẹ́ta ni ó mú kọ́kọ́rọ́, ẹni kẹrin ni ó sì ń gbé àpótí sílé. Kò sí ẹni tí ó lè dá ṣí i. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni a ti ń ṣí i, ojú wọn náà ni a ti ń ka owó. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé nígbà náà, nítorí náà gbogbo wọn ń fi orí há iye tí ó wà nínú àpótí kí wọ́n tó tú ká.

Lẹ́ẹ̀kẹta, bí ó bá tó bí ọdún kan, wọ́n ń pín gbogbo owó. Bí ìwà ẹnì kan kò bá tọ́, wọn yóò mọ̀ kí ó tó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní obìnrin 20 ń dá 200 sẹ́fà lọ́sẹ̀. 4.000 sẹ́fà ni lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ 52 yóò di 208.000 sẹ́fà. Bí ẹnì kan bá yá 10.000 fún oṣù kan, tí ó sì san 10.500 padà, 500 náà di ti gbogbo wọn. Ní ọjọ́ ìpín, 10.400 tí olúkúlùkù dá yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìpín tirẹ̀ nínú èlé.

Ọ̀nà yìí tàn dé Mali, Uganda àti Zanzibar. Ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Benin àti Tógò pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n fi ìwé kékeré kún un. Olúkúlùkù ní tirẹ̀. Bí ó bá ti dá owó, a ó tẹ òǹtẹ̀ sí i lójú gbogbo ènìyàn.

Kí á má tan ara wa

Àpótí yìí kì í sọ tálákà di olówó ní ọ̀sán kan. Àwọn olùwádìí yẹ irú ẹgbẹ́ yìí wò ní Ghana, Malawi àti Uganda, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2017. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ń tọ́jú owó sí i, òwò wọn gbèrú díẹ̀, ohùn àwọn obìnrin sì ròkè nínú ilé. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ìnáwó ilé lápapọ̀ kò tí ì yí padà púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ẹni tí ó bá ń ṣe ìlérí pé owó yín yóò di ìlọ́po láìpẹ́, ẹ sá fún un. Ẹ ò gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Benin ní ọdún 2010. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, láti Kùtọnu dé àwọn abúlé, kó owó lọ fún àwọn tí ó ṣèlérí èlé ńlá. Àwọn mìíràn ta ilẹ̀ láti rí owó kó lọ. Owó náà wọlé, kò jáde. Ta ni ó ti rí inú àpótí àwọn ènìyàn náà rí? Kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, iṣẹ́ yín pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá wà nínú èsúsú tàbí àjọ, ẹ ka káàdì yín lójoojúmọ́. Ẹ ka ti ìyá yín fún un. Bí ẹ bá ní àpótí, ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì máa kọ ìwé rẹ̀, kí a sì máa kà á sókè ní ìpàdé. Àgádágodo mẹ́ta ń ṣọ́ owó nígbà tí àpótí wà ní títì. Nígbà tí a bá ṣí i, ojú yín àti ìwé yín ni ó ń ṣọ́ ọ.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èsúsú àti àpótí àwọn obìnrin Maradi?
2. Èéṣe tí àgádágodo fi jẹ́ mẹ́ta, tí kì í ṣe ẹyọ kan?
3. Bí ènìyàn 15 bá ń dá 300 sẹ́fà lọ́sẹ̀, èló ni yóò wọ àpótí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?
4. Nínú ẹgbẹ́ tiyín, ta ni ó ń kọ ìwé owó? Ta ni ó ń bá a kà á?

Ó dìgbà kan ná o. Kí owó wa má ṣe sọnù.