Owó Ẹyọ Lọ́rùn Ọmọge

Ìtàn ọmọge tó kọ gbogbo ọkọ tí bàbá rẹ̀ mú wá, tó wá tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan láti ọjà, ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Àwọn ìyá fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọbìnrin ni. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1920, fi í sínú ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní 1952. Gbogbo wa la mọ bí ọkùnrin náà ṣe ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku agbárí lásán.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. Wọ́n ti ọmọ náà mọ́ inú ihò, wọ́n gbé e jókòó lórí ọ̀pọ̀lọ́ ńlá, wọ́n so owó ẹyọ mọ́ ọn lọ́rùn. Bó bá fẹ́ sá, owó náà á pariwo. Òun gan-an kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé ẹ rí i? Owó ló dì í lẹ́nu, owó náà ló ń ṣọ́ ọ.

Ìyẹn ti kúrò ní àlọ́. Ní 2011, ọlọ́pàá kó ọmọbìnrin 32 tó lóyún jáde nínú ilé kan ní Aba. Ọmọ ọdún 15 sí 17 ni wọ́n. Ní 2019, wọ́n tún kó 19 jáde ní Èkó, àwọn kan jẹ́ ọmọ ọdún 15. Wọ́n ní ọmọkùnrin ń lọ ní 500,000 náírà, ọmọbìnrin ní 300,000. Wọ́n ti tú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Mówè níbí pẹ̀lú.

Ẹ̀tàn ló gbé àwọn kan débẹ̀. Ìtìjú ló lé àwọn mìíràn. Ẹ tẹ́tí sí èdè wa: "ó ti fẹ́ra kù." Ọmọbìnrin nìkan ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Ó dìgbà tá a bá sọ pé "lágbájá fún un lóyún" kí ọkùnrin tó yọjú. Aṣọ funfun alẹ́ ìgbéyàwó náà, ìyàwó nìkan ló ń yẹ̀ wò.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní 2025, Grady Hendrix ará Amẹ́ríkà kọ ìwé ẹ̀rù kan nípa ilé tí àwọn òbí ń fi ọmọ wọn tó lóyún pamọ́ sí ní Florida ní 1970. Àjẹ́ wà nínú ìwé náà, àmọ́ àwọn òbí ló gbé ọmọ wọn débẹ̀.

Bàbá inú ìwé Tutuola kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé "ṣebí mo kìlọ̀ fún un." Ó wá ẹni tó lè lọ gbà á. Nígbà tí ọmọ náà sì délé, owó ẹyọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò lè jẹun, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbà á tún ní láti padà lọ já ewé tó máa tú u. Apá tí a kì í pa lálọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwa òbí gan-an ló ń bá wí.