Olè Tàbí Ọlọ́dẹ: Ìtàn Kọ̀ǹpútà Tó Ń Lọ́ra

Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, níbi tí a ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti ń lọ́ra, tí fáìlì kan ṣoṣo ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ṣí, bọ̀ọ̀dá tó ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, antífáírọ́ọ̀sì yìí ló ń dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Bàbá mi á ní kó má fọwọ́ kàn án. Oníbàárà tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì á dá sí i pé fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tún un fi sí. Ẹlòmíràn á ní háàdì díìsìkì ló ti gbó. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í dá lójú.

Ní ọdún 2018, nígbà tí èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà sì ń bínú, bàbá mi gbà. Wọ́n yọ antífáírọ́ọ̀sì náà. Láptọ́ọ̀pù yá díẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí fílááṣì oníbàárà kan fi gbé kòkòrò wọlé, tí gbogbo ìwé tó wà nínú ẹ̀rọ náà sì kọ̀ tí wọn kò ṣí mọ́. Pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ Yunifásítì kan wà níbẹ̀, orí kìíní dé orí kẹrin, arábìnrin náà kò sì ní ẹ̀dà mìíràn àfi bébà tí olùkọ́ rẹ̀ ti fi bírò pupa kọ nǹkan sí káàkiri. Òru mẹ́rin ni bàbá mi fi tún un tẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Èmi ni mo ń kà á fún un. Mo wà ní kíláàsì kẹrin nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, tí mo bá dé ibi ọ̀rọ̀ tí n kò mọ̀ ọ́n pè, mo ń ka lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ mọ ibi tí ìjà yìí ti ṣẹ̀ wá. Ó ti pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ọdún 1986, ní ìlú Lahore ní Pakistan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà, Basit àti Amjad Farooq Alvi, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ ètò kan tí ń bá dísìkì kiri láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Brain. Wọ́n fi orúkọ wọn, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé àwọn tó ń da iṣẹ́ àwọn kọ láìsanwó ni àwọn fẹ́ fi mú. Ohun tí wọ́n ní àwọn fi ṣọ́lé ló di ọ̀kan lára àwọn fáírọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ gbilẹ̀ láyé. (Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibí yìí. Olè wo ló ń fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ nílé onílé?) Lára ohun tí Brain ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí dísìkì máa lọ́ra.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tú ètò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò náà kò pa fáìlì ẹnikẹ́ni rẹ́. Àmọ́ ó ń wọ inú kọ̀ǹpútà kan náà léraléra, títí iṣẹ́ fi bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé ó tó 6,000 kọ̀ǹpútà tó kó sí wàhálà. Ìlọ́ra ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ pé àlejò ti wọlé. Láyé ìgbà yẹn, tí ẹ̀rọ bá ń fà, olè ni wọ́n ń wá.

Ìjà gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọlọ́dẹ náà wá ń gbé inú ilé. Antífáírọ́ọ̀sì kì í jókòó lásán. Gbogbo fáìlì tí a bá fẹ́ ṣí, ó ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì ṣe ń ní kí oníkálukú ṣí búùtù ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ méjì, kò sí wàhálà. Tó bá di ogún, tí ẹ̀ṣọ́ sì jẹ́ ẹyọ kan, ìlà á gùn dé títì. Ẹni tó wà lórí ìlà kò ní rántí olè. Ẹ̀ṣọ́ ni yóò máa bú.

Nígbà tí Microsoft gbé Windows Vista jáde fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kìíní ọdún 2007, wọ́n fi ohun kan sí i tí ń béèrè àṣẹ kí ètò kan tó lè fọwọ́ kan ohun pàtàkì nínú ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ dára. Àmọ́ ó ń béèrè jù, bí ọlọ́dẹ tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá lóru láti mọ̀ bóyá onílé ló sùn síbẹ̀. Àwọn ènìyàn pa á, ọ̀pọ̀ sì padà sí Windows XP tó fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀rí àwọn tó ń sọ pé ká jẹ́ kí ọlọ́dẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀ wá dé ní ọdún 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ fún ihò kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ kò gbà á wọlé. Dátà wọ́n, ẹ̀rọ á tún pa ara rẹ̀ tan, iṣẹ́ sì wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọlé. Ó ń ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó ní kí wọ́n san 300 dọ́là kí wọ́n tó lè rí i ṣí. Ó lé ní 200,000 kọ̀ǹpútà tó mú, ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ìjọba ń dá aláìsàn padà nítorí pé dókítà kò rí ìwé wọn wò. Oṣù méjì ó dín ọjọ́ díẹ̀ ni oògùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Tí ìtàn bá parí síbí, mi ò bá kàn sọ pé bàbá mi ló jàre. Àmọ́ oṣù kìíní ọdún 2018 wà níwájú.

Ní ọjọ́ 3 oṣù náà, àwọn onímọ̀, tí àwọn kan wà lára wọn láti Google àti láti Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Graz ní Austria, kéde àléébù méjì, Meltdown àti Spectre. Inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni àléébù náà wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá olóúnjẹ ṣàlàyé rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tó mọ oníbàárà rẹ̀ á ti máa bu àmàlà sílẹ̀ bó bá ti rí i lókèèrè, kó tó béèrè. Bó bá jẹ́ òótọ́, oúnjẹ yá. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á dà á padà. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe ń yára nìyẹn: ó ń méfò iṣẹ́ tó kàn, ó sì ń ṣe é sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá wo ṣíbí tí ìyá fi bu ọbẹ̀ lè mọ ohun tí oníbàárà ìbá jẹ, bí wọ́n tiẹ̀ ti da oúnjẹ náà padà. Ibẹ̀ ni olè lè gbà mọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni.

Lára ọ̀nà tí wọ́n gbà dí ihò yìí ni pé wọ́n dín ìméfò náà kù, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé ìyára á dín kù. Microsoft fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù náà pé àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn jẹ́ ti ọdún 2016 sókè tó ń lo Windows 10 kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, pé àwọn kan tí ẹ̀rọ wọn jẹ́ ti 2015 sísàlẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n, àti pé àwọn tó ń lo Windows 7 tàbí 8 lórí irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni yóò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ 22, Intel tún ní kí wọ́n dáwọ́ dúró lórí àtúnṣe kan nítorí pé ó ń mú kí kọ̀ǹpútà máa pa ara rẹ̀ tàn án. Ẹni tó fi ọ̀lẹ sún tirẹ̀ síwájú ló gbádùn lẹ́ẹ̀kan yẹn. Oṣù tó ṣáájú ni Apple gbà pé àwọn ń dín ìyára iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù, ohun tí àwọn ènìyàn ti ń fura sí tipẹ́.

Nítorí náà, mi ò gbà pé aláìmọ̀kan ni bọ̀ọ̀dá ṣọ́ọ̀bù wa. Ohun tó rí kì í ṣe irọ́. Ẹ tún padà wo ọ̀rọ̀ Microsoft yẹn: ẹ̀rọ àtijọ́ ló ru ẹrù ààbò náà jù. Ta ló ń lo ẹ̀rọ àtijọ́? Láptọ́ọ̀pù tí à ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan ti lò ó lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iye tí ọlọ́dẹ kan náà ń gbà lọ́wọ́ olówó àti tálákà kò dọ́gba, tálákà ló ń san jù.

Ní ti láptọ́ọ̀pù bàbá mi, oníbàárà tó sọ̀rọ̀ háàdì díìsìkì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ súnmọ́ òótọ́ jù, ẹni tí a kò kà sí. Nígbà tí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ó fi SSD, tí kò ní awo tó ń yí, rọ́pò háàdì díìsìkì náà, ó sì fi mẹ́mọ́rì kún un. Antífáírọ́ọ̀sì padà sórí rẹ̀, ó sì yá ju ìgbà tí a yọ ọ́ lọ.

Ìjà mìíràn ti dé báyìí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń fi ránṣẹ́ sí Windows 10 dúró. Windows 11 kò sì gba láptọ́ọ̀pù wa, nítorí pé kò ní ohun ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ọpọlọ rẹ̀ sì ti dàgbà jù. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni. Bọ̀ọ̀dá ní ká máa lò ó lọ. Bàbá mi ní òun kò ní fi iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sí i mọ́ tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, bébà nìkan ló ń tẹ̀. Ní alaalẹ́, kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ń da gbogbo pírójẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà kọ sórí díìsìkì kan tí bàbá mi ń gbé relé nínú àpò rẹ̀.