Òkúta Sílóámù Kò Dárúkọ Ọba

Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò Jerúsálẹ́mù tí àwọn òbí wa ń lọ, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé, wọ́n á fi JP kún orúkọ wọn. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń fi han èèyàn níbẹ̀. Àwọn mìíràn sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé àwọn: ìyá dé pẹ̀lú fọ́tò àti ìgò omi Jọ́dánì, ọmọ lọ yẹ ọ̀rọ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní irọ́ ni. Ìyá ní ọmọ ti di aláìgbàgbọ́. Ọmọ ní wọ́n ti lu ìyá òun ní jìbìtì. Wọn ò bára wọn jẹun mọ́.

N ò lè dá gbogbo ẹjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibì kan ni mo fẹ́ kí a jọ wò dáadáa lónìí: ihò omi kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù.

Èmi náà ti lọ síbẹ̀. Àwa bí ogójì la kó sínú bọ́ọ̀sì kan, láti ìjọ mẹ́ta ní London, èyí tó pọ̀ jù nínú wa sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni mí, kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí di ẹni tó ń bójú tó gbogbo ẹgbẹ́. Èmi ni mò ń béèrè láràárọ̀ pé ta ló ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ni ò tíì mu omi. Afinimọ̀nà wa mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan ni kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Níbí gan-an ni!" A dé orí òkè, níbí gan-an ni. A dé ẹ̀bá odò, níbí gan-an ni. Àwọn màmá á kígbe "Háà, Jésù!", wọ́n á gbé fóònù sókè.

Iṣẹ́ "níbí gan-an" yìí kì í ṣe tòní. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Egeria, tó rìnrìn-àjò lọ sí Sínáì àti Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 381 sí 384, tó sì kọ ohun tó rí sínú lẹ́tà sí àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé. Ibi tó bá dé, àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ á nawọ́ sí i fún un, wọ́n á ka ẹsẹ Bíbélì tó bá ibẹ̀ mu, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á tún tẹ̀síwájú. Ẹ yọ bọ́ọ̀sì kúrò níbẹ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí tiwa? Nígbà tó di ọdún 1869, Thomas Cook, oníṣòwò ará Ìlú Ọba, kó ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sí Íjíbítì àti Palẹsítínì. Láti ìgbà náà ni ó ti ń di òwò: wọ́n ti mọ iye ọjọ́, iye owó, ibi tí a ó sùn àti ibi tí a ó ti jẹun kí a tó kúrò nílé. Bọ́ọ̀sì tó ní ibi mẹ́fà láti dé kí ilẹ̀ tó ṣú kò ní àyè fún ẹni tó fẹ́ sọ pé "bóyá níbí ni, bóyá lọ́hùn-ún ni". Mo rò pé níbẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dìídì fẹ́ parọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ràkúnmí àti ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ìwàásù yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì: pé ẹnu ọ̀nà kékeré kan wà lára odi Jerúsálẹ́mù tí wọ́n ń pè ní Ojú Abẹ́rẹ́, pé ràkúnmí ní láti kúnlẹ̀ kí wọ́n sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kó tó lè gbabẹ̀ wọlé. Kò sí awalẹ̀pìtàn tó tíì rí irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti ayé Jésù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé ayé ìgbà yẹn tó dárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Odi tí ẹ ń rí yí ìlú àtijọ́ ká lónìí pàápàá, Sultan Suleiman ti ìjọba Tọ́kì ló kọ́ ọ láàárín ọdún 1537 sí 1541. Ràkúnmí ni Jésù sọ, abẹ́rẹ́ ló sì sọ. Àwa la wá ilẹ̀kùn fún olówó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ síbi ihò omi yẹn.

Orísun omi kan wà ní Jerúsálẹ́mù tí wọ́n ń pè ní Gíhónì. Òun ni ìlú àtijọ́ gbẹ́kẹ̀ lé, nísàlẹ̀ òkè ló sì wà, ní ìhà ìlà oòrùn. Ibẹ̀ kò dáa fún ìlú tí ogun ń bọ̀ wá bá. Ogun sì ń bọ̀ lóòótọ́: ní ọdún 701 ṣáájú ìbí Kristi, Senakéríbù ọba Asíríà gbógun wọ ilẹ̀ Júdà. Ìwé Àwọn Ọba Kejì àti Kíróníkà Kejì sọ pé Hesekáyà ọba ṣe adágún àti ọ̀nà omi, pé ó dí ojú orísun Gíhónì tó wà lókè, ó sì darí omi náà gba abẹ́ wá sínú ìlú.

Ihò náà wà níbẹ̀ títí dòní, omi sì ń ṣàn nínú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 533, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹyẹ bá fò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, kò ní ju ọ̀ọ́dúnrún mítà àti díẹ̀ lọ. Ó ń wọ́ kiri bí ejò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fi ju nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà dagẹ̀rẹ̀ láti òkè dé òpin, ìyẹn ni pé àwọn tó gbẹ́ ẹ mọ bí omi ṣe ń rìn. Ìhà méjèèjì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, àwọn kan láti orísun omi, àwọn kan láti inú ìlú, wọ́n sì pàdé ara wọn láàárín òkúta. Omi tutù yẹn dé itan mi níbi tí a ti wọlé, lẹ́yìn náà ó wá sílẹ̀ dé orúnkún. Bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ògiri, ẹ ó rí ojú díígà lára rẹ̀. Wọ́n kọjú síbì kan títí, nígbà tó yá wọ́n kọjú sí òdìkejì. Nítòsí ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹ ó rí ibi tí wọ́n gbẹ́ díẹ̀, tí wọ́n fi í sílẹ̀, tí wọ́n tún yà síbòmíràn. (Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, tàbí tí àyà yín máa ń já níbi tó fún, ẹ má wọ inú omi yẹn o. Ọ̀nà gbígbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní láti di ọwọ́ màmá kan mú fún ìdajì ọ̀nà.)

Ní ọdún 1880, ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Jacob Eliahu wọ inú ihò náà, ó sì rí ìwé tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri nítòsí òpin rẹ̀. Ọmọ yìí ni ìdílé Horatio Spafford gbà tọ́ lẹ́yìn náà, Spafford tó kọ orin "It Is Well with My Soul" tí a máa ń kọ níbi ìsìnkú. Ìlà mẹ́fà ni ìwé náà, ní èdè Hébérù, pẹ̀lú irú lẹ́tà tí wọ́n ń lò ṣáájú kí wọ́n tó kó Júdà lọ sí Bábílónì.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń fi díígà gbẹ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọjú sí ẹnì kejì rẹ̀. Ó sọ pé nígbà tó ku ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta, wọ́n gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń pe èkejì láti inú òkúta. Ó sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n lu ú já, díígà pàdé díígà, omi sì ṣàn láti orísun dé adágún, ẹgbẹ̀fà ìgbọ̀nwọ́, òkúta tó wà lórí wọn sì ga tó ọgọ́rùn-ún ìgbọ̀nwọ́. Ó parí síbẹ̀.

Kò sí orúkọ Hesekáyà nínú rẹ̀. Kò sí orúkọ ọba kankan, kò sí Asíríà, kò sí ogun, kò sí Ọlọ́run pàápàá. Láyé ìgbà yẹn, bí ọba bá gbẹ́ ìwé sára òkúta, orúkọ ara rẹ̀ ló máa ń fi ṣíwájú. Èyí dà bí ohun tí àwọn tó ṣiṣẹ́ náà fúnra wọn fẹ́ kí a rántí: ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn nínú òkùnkùn.

Afinimọ̀nà wa sọ fún wa pé òkúta yìí "fìdí Bíbélì múlẹ̀". Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n òkúta náà kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi ò sì rò pé a nílò kó sọ bẹ́ẹ̀. Bíbélì ló dárúkọ Hesekáyà. Irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ìwé ara ògiri bá ayé rẹ̀ mu. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature: wọ́n yẹ àwọn ègé ewéko tó há sínú ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ihò náà wò, àti òkúta tí omi tó ń kán kó jọ sára rẹ̀, ọdún tí wọ́n rí sì jẹ́ nǹkan bí 700 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn awalẹ̀pìtàn kan ṣì ń jiyàn pé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú Hesekáyà. Ẹ̀rí mẹ́ta rèé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí. Lójú tèmi, ó ṣeé ṣe dáadáa pé Hesekáyà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ọ̀rọ̀ sí òkúta lẹ́nu, a ò ní gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ gan-an, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí Bíbélì kò sọ nǹkan kan nípa wọn.

Ẹ má lọ wá òkúta náà nínú ihò o. Àwọn olè gé e kúrò lára ògiri lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó sì fọ́. Ìjọba Tọ́kì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà rí i gbà padà, wọ́n gbé e lọ sí Istanbul, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ wo orí Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Ní òpin ihò náà, èèyàn á jáde sí adágún kékeré kan. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, Eudocia, aya olú-ọba Róòmù, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, nítorí ọkùnrin afọ́jú tí Jésù ní kó lọ wẹ ojú rẹ̀ ní Sílóámù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń mú àwọn èrò lọ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún: níbí gan-an ni. Ní ọdún 2004, àwọn òṣìṣẹ́ ń tún páìpù omi ẹ̀gbin ṣe níwájú díẹ̀ sí ibẹ̀, ẹ̀rọ wọn sì kan àtẹ̀gùn òkúta. Àwọn awalẹ̀pìtàn méjì, Ronny Reich àti Eli Shukron, wú ilẹ̀ ibẹ̀. Owó ẹyọ àtijọ́ tí wọ́n rí níbẹ̀ fi hàn pé wọ́n ń lo adágún ńlá yìí láyé tẹ́ńpìlì kejì, ìyẹn ayé Jésù. Ni "níbí gan-an" bá ṣí lọ síwájú díẹ̀!

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹgbẹ́ wa ti wá ṣáájú ọdún 2004. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé omi tí mo fi wẹ ojú nígbà yẹn, lásán ni?" Mo sọ fún un pé, "Rárá o, Dádì. Omi Gíhónì ni, omi kan náà ló ń ṣàn gba ibi méjèèjì." Ìdáhùn yẹn kì í ṣe ọgbọ́n ìtùnú, bí omi náà ṣe ń rìn nìyẹn.

Ohun kan wà tí wọn kò sọ fún wa nínú bọ́ọ̀sì. Lórí ihò yẹn, èèyàn ń gbé. Silwan ni wọ́n ń pe àdúgbò náà, àwọn ará Palẹsítínì ló pọ̀ jù níbẹ̀, Ísírẹ́lì sì gba ibẹ̀ lọ́dún 1967. Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ibi ìwalẹ̀ náà, Elad, tún ń kó àwọn Júù wá gbé láàárín àdúgbò, àwọn ará ibẹ̀ sì ń ráhùn pé ìwalẹ̀ abẹ́ ilé ń jẹ́ kí ògiri wọn sán. Ẹni tó bá lọ, kó gbójú sókè nígbà tó bá jáde nínú omi.

Ẹ tún wo Jẹ́ríkò. Láàárín ọdún 1930 sí 1936, John Garstang wú ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì kéde pé òun ti rí odi tó wó nígbà ayé Jóṣúà. Láàárín ọdún 1952 sí 1958, Kathleen Kenyon tún ibẹ̀ wú, ó sì rí i pé odi yẹn ti dàgbà ju ayé Jóṣúà lọ, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Nítorí náà, ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ jà kì í ṣe òpè. Wọ́n sọ fún un pé òkúta ti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, ó lọ wò, kò bá a bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ fún un látilẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí a gbà gbọ́, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n rí nínú ilẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á pàdé, nígbà mìíràn wọn ò ní pàdé, kí ni ìbá máa jà sí?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ẹ ò nílò físà láti rí èyí tó kù. Ní British Museum, ẹ wá yàrá 10b. Àwòrán tí Senakéríbù ní kí wọ́n gbẹ́ sára òkúta fún ààfin rẹ̀ ní Nínéfè wà níbẹ̀: bó ṣe ṣẹ́gun Lákíṣì, ìlú ńlá Júdà. Ẹ ó rí àwọn ọmọ ogun tó ń gun odi, àti àwọn obìnrin òun ọmọdé tí wọ́n ń kó lọ sí ìgbèkùn. Ilé yẹn náà ni ohun amọ̀ kan wà tí Senakéríbù kọ ọ̀rọ̀ ìyangàn rẹ̀ sí. Ó ní òun gba ìlú 46 ní Júdà, òun sì sé Hesekáyà mọ́ Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Kò sọ pé òun wọ Jerúsálẹ́mù. Bíbélì ní Hesekáyà san ọgbọ̀n tálẹ́ńtì wúrà àti ọ̀ọ́dúnrún tálẹ́ńtì fàdákà fún un. Senakéríbù ní ọgbọ̀n ni wúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rin ni fàdákà. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí wúrà, fàdákà ni wọ́n ń jà lé.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tì lọ́jọ́ Ẹtì. Nínú àwòrán Lákíṣì, ẹ wá ibi tí ọba Asíríà jókòó sórí ìtẹ́, tí ìkógun ń kọjá níwájú rẹ̀. Ẹnì kan ti ha ojú rẹ̀ kúrò láyé àtijọ́.