Alábòójútó Méjì fún Iṣẹ́ Ìwádìí Kan: Àpẹẹrẹ Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn, 1948 sí 1964

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ipò akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó ní ju alábòójútó kan lọ. Lónìí tí ẹ̀kọ́ irú èyí ti dé Lagos Business School ní Ajah, tí kò jìnnà sí Ṣàngótẹ̀dó, àwọn kan lè rò pé àṣà tuntun ni. Kì í ṣe tuntun. Èrò tiwa sì ni pé kì í ṣe iye àwọn alábòójútó ni ó ṣe pàtàkì bí kò ṣe ibi tí àṣẹ wà.

Ẹ jẹ́ kí á wo Kenneth Onwuka Dike. King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní Niger Delta. Vincent Harlow ni ó kọ́kọ́ bójú tó o; nígbà tí Harlow ṣí lọ sí Oxford ní 1948, Gerald Graham gba iṣẹ́ náà. Onímọ̀ ìtàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì, àkọsílẹ̀ ìjọba sì ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n Dike kò gbára lé ìwé nìkan. Ó gba ìtàn àtẹnudẹ́nu wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí àlọ́ lásán. Bí a bá fi ojú òdodo wò ó, àwọn àgbà tí wọ́n sọ ìtàn náà ni alábòójútó kẹta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó gba oyè ní 1950. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1956.

Ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó. Láti 1948 tí a dá University College sílẹ̀ títí di 1962, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó wà nítòsí lè tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, ṣùgbọ́n òkè òkun ni àṣẹ wà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kan bá ń kọ tí èkejì ń pa á rẹ́, ọdún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣòfò.

Nígbà tí Adiele Afigbo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìtàn ní 1964, orúkọ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ni ó wà lórí oyè náà. Òun náà gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ilẹ̀ Ìgbò nípa àwọn olóyè tí ìjọba amúnisìn fi ìwé àṣẹ yàn. Àṣẹ ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Kò tí ì dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyẹn.