Ruddle, Reddle, Raddle: Erùpẹ̀ Pupa Àwọn Darandaran Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Erùpẹ̀ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn darandaran ibẹ̀ ti ń fi sàmì sára àgùntàn láti ayébáyé. Ó pupa bí osùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara igi ni a ti ń rí i, inú ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ a-fọkọ́-yẹrí, ni a ti ń wà á gẹ́gẹ́ bí a ti ń wa ẹfun. Irin tí ó wà nínú rẹ̀, tí omi àti afẹ́fẹ́ ti bá jà títí tí ó fi di ìpáàrà, ni ó fún un ní àwọ̀ tí oòrùn kò lè ṣá. Àwọn kan ń pè é ní ruddle, àwọn kan ní reddle, àwọn mìíràn ní raddle. Ẹni tí ó bá sì ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀, tí ọ̀kan ń tọ́ka sí èkejì, tí kò sì sí èyí tí a pè ní àṣìṣe nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí, nítorí bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dàgbà púpọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ruddle ti jáde wá ni rudu, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará England ìgbà láéláé, kí àwọn ará Normandy tó wá ṣẹ́gun wọn ní 1066, fi ń pe pípupa, pàápàá pípupa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò ṣàì wà káàkiri inú èdè náà: red fúnra rẹ̀, rust tí í ṣe ìpáàrà, ruddy tí a ń pe ojú tí ẹ̀jẹ̀ dára sí, àti ruddock, orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ń pe ẹyẹ kékeré kan tí àyà rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìnlá ń lọ sópin, akéwì Chaucer ṣì ń lo rode nínú ìtàn rẹ̀ fún àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ ní ruddle, ìlànà baba ni ó tẹ̀ lé. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ ní reddle, red ni etí rẹ̀ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ohun tí ó gbọ́. Raddle tún fi ìṣísẹ̀ kan jìnnà sílé jù wọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n ruddle ní ìbátan kan tí ó gbajúmọ̀ jù ú lọ. Àwọn ará Róòmù ń pe erùpẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀ ní rubrica, òun ni àwọn akọ̀wé wọn sì fi ń kọ àkọlé òfin kí ojú lè tètè rí i. Láti inú rẹ̀ ni rubric ti wá, èyí tí àwọn tí wọ́n ti lo Ìwé Àdúrà Ìjọ Áńgílíkà lédè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí àwọn ìlànà kéékèèké tí ń sọ ìgbà tí a ó dìde àti ìgbà tí a ó kúnlẹ̀. Orírun kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ akọ̀wé àti àlùfáà ni rubric bọ́ sí, nítorí náà ó di ohun tí a ń kọ lọ́nà kan ṣoṣo, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ruddle bọ́ sí ẹnu àwọn tí kì í kọ̀wé: darandaran, káfíńtà tí ó ń fi í fa ìlà sára pákó, ìyàwó ilé tí ó ń fi í kun ẹnu ọ̀nà òkúta kí ó lè pọ́n dáradára. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn; agbègbè kọ̀ọ̀kan pè é bí ahọ́n tirẹ̀ ti rí, nígbà tí Samuel Johnson sì fi tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1755, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá bí a ó ti ṣe ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ní ìkọ kan náà, ìyàtọ̀ ìpè yìí ti ta gbòǹgbò sí ibi púpọ̀ kọjá ohun tí a lè fà tu.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí ó gbé e ró. Nígbà tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, tí àgbò yóò wọ àárín àwọn abo, darandaran a po erùpẹ̀ náà mọ́ òróró títí yóò fi ki, a di àgbò mú, a sì fi ọwọ́ kùn ún ní igẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, títí irun ibẹ̀ yóò fi mu ún yó. Abo tí àgbò bá gùn, àmì pupa a wà ní ìbàdí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí pé abo tí kò bá lóyún yóò tún wá akọ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 17, darandaran a máa pààrọ̀ àwọ̀ ní ìwọ̀n ọjọ́ bẹ́ẹ̀, láti èyí tí kò pọ́n jù sí èyí tí ó dúdú, kí tuntun lè bo ti tẹ́lẹ̀. Abo tí àmì méjì bá wà lára rẹ̀, àkọ́kọ́ kò dúró nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ nínú agbo ni ó gba àmì lẹ́ẹ̀kejì, àgbò ni kí a lọ yẹ̀ wò. Oyún àgùntàn a máa tó nǹkan bí oṣù márùn-ún, nítorí náà ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ tí ó pààrọ̀ àwọ̀ yóò mọ àwọn tí yóò kọ́kọ́ bí nígbà ìrúwé, yóò sì kó wọn súnmọ́lé kí òtútù má baà pa ọmọ wọn. Èmi kò mọ ìwé ìṣirò tí ó lè péye ju èyí lọ fún ẹni tí kò kàwé.

Ní àwọn òkè Cumbria, níbi tí agbo púpọ̀ ti ń jẹ papọ̀ láìsí ọgbà, erùpẹ̀ pupa yìí ni olóko ìgbà àtijọ́ fi ń fi ohun ìní rẹ̀ hàn: ẹnì kan a fà á gba ẹ̀yìn kọjá, ẹlòmíràn a tọ́ ọ sí ìbàdí òsì. Smit ni wọ́n ń pe àmì náà. Ní 1817, Joseph Walker tẹ ìwé kan tí ó ya àwòrán àgùntàn oko kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú àmì irun àti àmì etí wọn, kí èyí tí ó bá ṣìnà lè padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀.

Thomas Hardy, ọmọ Dorset, ni ó sọ reddle di mímọ̀ fún àwọn akàwé, nínú ìwé ìtàn tí ó pè ní The Return of the Native ní 1878. Diggory Venn inú rẹ̀, tí ó ti ń sin màlúù fún wàrà kí ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ tó kọ̀ fún un, di ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ta erùpẹ̀ náà kiri oko, títí aṣọ, fìlà, bàtà, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n láìkù síbì kan. Hardy sọ pé irú wọn ni àwọn ìyá fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó ń ṣagídí. Láàárín 1840 sí 1850 ni ó fi ìtàn náà sí, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà ń kú lọ, nítorí pé rélùwéè ti gba ọjà lọ́wọ́ àwọn akirità.

Àwọn tí ń wà á kò kú pẹ̀lú wọn. Ní igbó Dean ní ìwọ̀-oòrùn, òfin 1838 tí ó fìdí ẹ̀tọ́ àtijọ́ múlẹ̀ fún ọkùnrin tí a bí ní agbègbè St Briavels, tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ nínú ihò kùsà fún ọdún kan àti ọjọ́ kan, láṣẹ láti wa ilẹ̀ níbẹ̀; nínú àwọn ihò Clearwell ni a sì ti ń rí èyí tó pupa àti èyí tí ó fara jọ pupa ẹyin adìyẹ láwọ̀.

Erùpẹ̀ yìí tilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ènìyàn ṣáájú gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ní 1823, William Buckland, àlùfáà àti olùkọ́ ní Oxford, wọ ihò Paviland ní etíkun Gower ní Wales, ó sì bá egungun ènìyàn kan níbẹ̀ tí erùpẹ̀ pupa bò láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú ìkarahun àti ọ̀pá eyín erin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rò pé obìnrin ayé àwọn ará Róòmù ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì ti tó nǹkan bí 33,000 ọdún tí a ti sin ín. Ọkùnrin yìí gbọ́ Látìnì yékéyéké, ó sì lè pe ohun tí ó rí ní rubrica, ṣùgbọ́n nígbà tí ó jókòó láti kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ darandaran ni ó lò: ruddle.

Lónìí, raddle ni ó gbòde lẹ́nu àwọn olùsìn àgùntàn. Inú ike ni wọ́n ti ń rà á ní ìyẹ̀fun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é yálà ó pupa tàbí kò pupa. Olóko tí ó bá wọ ilé ìtajà lè béèrè raddle aláwọ̀ aró, onítajà yóò sì gbé e fún un láìbéèrè ohun tí ó ń wí.